Matthew Flinders àti Àṣìṣe Kọ́ńpáàsì
Bí a bá gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ ojú irin ní Oshodi, tàbí mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Isolo, abẹ́rẹ́ rẹ̀ a yà kúrò ní àríwá. Flinders, atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1774, ni ó wádìí ọ̀ràn yìí fínnífínní. Bí ó ti ń wọn etíkun Ọsirélíà láti 1801 sí 1803, ó rí i pé irin inú ọkọ̀ ń fa abẹ́rẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì yípo, àṣìṣe náà a yí padà. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè gbé ọkọ̀ lu àpáta. Àwọn Faransé há a mọ́ erékùṣù Mauritius ju ọdún mẹ́fà lọ. Ó kú ní 1814, ní ẹni 40 ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀pá irin tí a fi ń tún àṣìṣe náà ṣe ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò purọ́. Alábàágbé rẹ̀ ni ó ṣì í lọ́nà.