Osei Tutu: Ọmọ àtọrọ tó di Asantehene àkọ́kọ́

Ní Kumasi, láti Krofrom dé ààfin Manhyia, kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ Osei Tutu. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí i, ojú ìyá rẹ̀ rí màbo.

Manu Kotosii, obìnrin ìdílé Obiri Yeboa, ọba Kwaman, wá ọmọ títí. Láàrin àwọn Akan, ọmọ tí obìnrin ìdílé ọba bá bí ló ń jọba, kì í ṣe ọmọ tí ọba fúnra rẹ̀ bí. Nítorí náà, àìrọ́mọbí Manu kan gbogbo ìlú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Asante sọ pé wọ́n gbé e lọ síbi òrìṣà Otutu ní Akuapem, wọ́n sì rúbọ. Ó lóyún, ó bí ọkùnrin, wọ́n sì fi orúkọ òrìṣà náà pè é, bí Yorùbá ṣe ń sọ ọmọ ní Ọ̀ṣunbùnmi.

Ọmọ náà gbé ní ààfin Denkyira, tí Kwaman ń sìn, kó tó sá lọ sí Akwamu. Nígbà tí Obiri Yeboa kú sójú ogun, wọ́n pè é wálé wá jọba.

Òun àti Okomfo Anokye ló so àwọn ìlú Asante pọ̀ lábẹ́ Àga Wúrà. Ní 1701, wọ́n ṣẹ́gun Denkyira ní Feyiase, ìsìn sì parí.

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ọdún 1717 ló kú lójú ogun Akyem, létí odò Pra.

Asantehene tó gorí àga ní 1999 ń jẹ́ Osei Tutu Kejì. Ẹ̀bẹ̀ Manu ṣì wà nínú orúkọ náà.