ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ALÁGBẸ̀DẸ WÚRÀ TÓ Ń GBÀDÚRÀ FÚN ÌJỌ RẸ̀

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 12:19-25

  Kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó díẹ̀. Ìtàn bàbá kan ni mo fẹ́ sọ fún yín láàárọ̀ yìí.

Joseph Ṣàdáre ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá mọ ìtàn ìjọ Aládùúrà ti lè mọ̀ ọ́n sí Pásítọ̀ Esinsinade. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ìjọ St. Saviour's ti Áńgílíkà sì ni. Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí wa. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà ọ̀sà ni ará Èkó ń gbà lọ sí Ìjẹ̀bú. Ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn dé Ìkòròdú, Èjìnrìn tàbí Ẹ̀pẹ́, wọn á wá gba orí ilẹ̀ gòkè. Ẹ̀pẹ́ yìí náà ni ọmọ ogun òyìnbó gúnlẹ̀ sí ní 1892 kí wọ́n tó bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n. Lẹ́yìn ogun yẹn ni ìhìn rere ráyè wọ Ìjẹ̀bú dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí ìtàn wa bẹ̀rẹ̀, ìjọ Ìjẹ̀bú ò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ìjọ tó ń dàgbà ni, èrò ń wọlé, orúkọ ń pọ̀ nínú ìwé ìjọ.

Àfi bí àrùn ṣe dé. September 1918 ni ọkọ̀ òkun gbé e wọ Èkó, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú. Ó gba ojú irin, ó gba ojú omi, ó gba inú ọjà, ó sì tàn káàkiri. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló kú ní Nàìjíríà nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa. Àwa tí a rí ọdún 2020 mọ bó ṣe máa ń rí tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run.

Ní àkókò yẹn, bàbá kan wà ní St. Saviour's tí wọ́n ń pè ní Dádì Ali. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe olóyè ìjọ. Òun ló ń tọ́jú ilé ìjọsìn. Ẹni tí a máa ń kọjá lára rẹ̀ láì kí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni Ọlọ́run fi àlá hàn, ẹ ṣáà gbọ́. Ó rí ìjọ tí ó pín sí méjì. Apá tó tóbi wà nínú òkùnkùn, apá kékeré kan wà nínú ìmọ́lẹ̀. Ìtumọ̀ tí ó rí gbà ni pé àwọn tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ni àwọn tí kò jẹ́ kí àdúrà tán lẹ́nu wọn.

Ṣàdáre gbọ́ àlá yìí, kò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ wò ó, ọkùnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, tí ìjọ kà kún, tó nípò ní Sínóòdù. Ì bá ti sọ pé kí ni agbálé ìjọ mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kó ènìyàn díẹ̀ jọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, tí àrùn náà ti dá dùbúlẹ̀ rí, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ń kéde pé Ọlọ́run ní òun yóò fi omi òjò wo àwọn ènìyàn sàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n wá ń pe ara wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ibi tí ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ọjà Ṣàdáre kò tà ló fi pe ìpàdé àdúrà. Ìjọ tó wà lókùnkùn ló dùn ún. Èmi náà ló máa ń ka ìbéèrè àdúrà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sórí Wáàsápù yìí, inú mi sì ń dùn sí i: fíísà, ilé, ọkọ, owó ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ kò jẹ́ kí á kọ́. Ẹ máa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó ní kí á gbàdúrà fún ìjọ, fún akápò, fún àwọn akọrin méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Fún ọdún mélòó kan, ìjọ fi ààyè gbà wọ́n. Nígbà tó di 1922, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹgbẹ́ náà kò fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ mọ́, wọn kò sì fẹ́ lo oògùn kankan. (Lórí ti oògùn yìí, ẹ má bínú, ẹ lo èyí tí dókítà bá fún yín, kí ẹ sì gbàdúrà sí i.) Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones kò gbà á fún wọn. Ṣàdáre ní láti fi ipò rẹ̀ ní Sínóòdù sílẹ̀. Àwọn mìíràn pàdánù iṣẹ́, àwọn kan ní láti yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ìjọ tí wọ́n ti ń ṣàìsùn nítorí rẹ̀ náà ni wọ́n bá jáde.

Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Bíṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀kọ́ ìjọ láti dáàbò bò, àwọn wọ̀nyí náà ní ẹ̀rí ọkàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lára ẹ̀yin tó ń ka èyí, ìjọ ti ṣẹ àwọn kan. Wọ́n gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yín láìdáa, nígbà tí ẹ ṣàìsàn ẹnikẹ́ni ò yọjú. Láti ìgbà náà, ẹ ń wá, ẹ ń jókòó sí ẹ̀yìn, ẹ ń san ìdámẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ ò gbàdúrà fún ìjọ mọ́. Ẹ padà sí ibi tí a kà. Ísírẹ́lì ti fọwọ́ ti Sámúẹ́lì sẹ́yìn, wọ́n ti gba ọba. Bàbá arúgbó náà kò dákẹ́ ẹ̀bi wọn, ó sọ ọ́ sí wọn lójú. Síbẹ̀ ó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ sí Olúwa bí òun bá dẹ́kun àdúrà lórí wọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Àwọn tó jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde kò túká. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà fún ìgbà kan, àdúrà wọn sì tàn dé Èkó, Ìbàdàn àti Ìléṣà. Ní December 1929, wọ́n ri ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọmi nínú ọ̀sà ní Èkó, ọ̀sà tó ṣàn dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ yìí. Ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni, Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní July 1930, àwọn àgbà ìjọ pé jọ sí Òkè-Oòyè ní Ìléṣà láti yanjú àríyànjiyàn tó wà láàárín wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ohun tó di Christ Apostolic Church ti gbòòrò.

Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó gbàdúrà fún ara yín, ẹ dárúkọ ènìyàn mẹ́ta nínú ìjọ níwájú Ọlọ́run: ẹni tó ń gbá ilé ìjọsìn, ẹni tí kò wá mọ́ láti oṣù mélòó kan, àti ẹni tó ṣẹ̀ yín. Ẹ pè wọ́n lórúkọ.