Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun: Oníṣègùn tó tọ àwọn aláìsàn lọ sínú ilé wọn

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1935, ni wọ́n bí Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ní ìlú Òkèmẹ̀sí, ní ilẹ̀ Èkìtì. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá a lọ́dún 1995, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni ilẹ̀ Èkìtì ṣì wà, nítorí ọdún 1996 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Bí ará Ìjàrè, Àkúrẹ́ tàbí Òǹdó bá pè é ní ọmọ wọn, wọn kò jẹ̀bi.

Ó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, kó tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn. Àìsàn ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn ló yàn láàyò. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di ọ̀gá àgbà ní ọsibítù UCH. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè ni a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ.

Láyé ìgbà náà, àìsàn kan ń da àwọn èèyàn láàmú ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹsẹ̀ ẹni tó bá mú kì í mọ ohun tó ń tẹ̀ mọ́, yóò máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì, etí rẹ̀ á di. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé aráyé ló fi ṣe é. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jókòó sí Ìbàdàn kí aláìsàn wá bá wọn. Wọ́n wọ àwọn ìlú náà lọ, wọ́n ń yẹ ara àwọn èèyàn wò, wọ́n sì ń bi wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n rí i pé ibi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ṣe àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ ni àìsàn náà ti pọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọn kò bá ṣe dáadáa máa ń ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sayanáìdì nínú.

Ọ̀rọ̀ wá ku bí wọn yóò ṣe wò ó sàn. Wọ́n ronú pé bí wọ́n bá fún aláìsàn ní èròjà fítámì tó lè gba májèlé náà kúrò lára, ara rẹ̀ lè yá. Ọ̀ṣuntókun kò kàn pín oògùn fún gbogbo ènìyàn kó sì kókìkí rẹ̀. Ńṣe ló pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè fi èsì ọ̀wọ́ kan wé ti èkejì. Ó tẹ èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1970, ó tún tẹ òmíràn jáde lọ́dún 1974. Nínú méjèèjì, àwọn oògùn náà kò ṣe ohun tí wọ́n ń retí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn aláìsàn tó yọ̀ǹda ara wọn kò rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọ́n gba àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ ìrètí asán.

Lọ́dún 1985, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà, wọ́n yẹ èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000 wò. Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni èyí tí òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Amẹ́ríkà jọ ṣe lórí àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà, láti ọdún 1992. Wọ́n wá àwọn tó ti tó ẹni ọdún 65 kàn ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bá wọn sọ̀rọ̀. Èsì tó jáde lọ́dún 1995 fi hàn pé àìsàn náà mú ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, ó sì mú ìdá 8.24 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis.

Ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé ní Kánò, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n gbà sí. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń sá fún ìdánwò oògùn. Ẹ̀rù wọn tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Ẹni tí àìsàn líle ń bá jà, kó kọ́kọ́ bi dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, yálà ní ọsibítù UNIMED ní Òǹdó àti Àkúrẹ́, tàbí ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, bóyá ìwádìí kan ń lọ tó bá àìsàn rẹ̀ mu. Ó tún lè yẹ ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pan African Clinical Trials Registry wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Kó béèrè ìwé àṣẹ NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ aláìsàn. Kó béèrè ewu tó wà níbẹ̀, ẹni tí yóò tọ́jú òun bí nǹkan bá yíwọ́, àti bóyá òun lè jáde nígbàkúgbà. Níbi tí wọ́n bá ti ń bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kó gba ilé rẹ̀ lọ.

Oníbèéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀ṣuntókun fi gbogbo ayé rẹ̀ béèrè. Ó yẹ kí àwa tí wọ́n ń tọ́jú náà mọ bí a ṣe ń béèrè.