Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

Nínú àwọn òyìnbó tí ó wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ni a mọ̀ nítorí ìwé tí wọ́n kọ, tàbí ọ̀nà tí wọ́n là, tàbí àdéhùn tí wọ́n bá àwọn ọba ṣe. Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ilé ni ó tọ́jú. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó sì tọ́. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé ní Ìbàdàn tí kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ní ọdún 1827 ni a bí Anna Martin ní Hempnall, ní ẹkùn Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ gbé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní ìlú Lowestoft, lẹ́yìn èyí ni àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀ gbà á sí ilé wọn bí ọmọ. Ẹni tí ó ti jẹ ìyà àìníyàá rí ni ó mọ bí ilé ti í rí lójú ọmọ tí kò ní ìyá. Bóyá nítorí èyí ni Anna fi ń kó àwọn ọmọ aláìní jọ láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó ń kọ́ wọn ní ìwé.

Ní oṣù October 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tí í ṣe òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S., tí ó sì ti dé Ìbàdàn wò ní 1851. Ní 1853 ni tọkọtaya náà wọ Ìbàdàn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ti ilẹ̀ mìíràn wá, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé Ìbàdàn ìgbà náà kì í ṣe ìlú ọba aládé. Àwọn jagunjagun ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829, ogun sì ni iṣẹ́ àwọn olórí rẹ̀. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ń wọ́ wá wo òyìnbó obìnrin náà. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

Wíwòran yàtọ̀ sí fífi ọmọ sílẹ̀. Àwọn kan gbà pé bí ọmọbìnrin bá fi ojú kan ìwé, yóò yàgàn, àti pé bí ọmọkùnrin bá kọ́ ọ, yóò di ojo. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí wọn. Ní ìlú ogun, kí ni bàbá yóò fi ọmọ tí ó jẹ́ ojo ṣe? Nítorí náà, ohun ńlá ni Ìjòyè Olúńlóyọ̀ ṣe nígbà tí ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ni a ń kà sí ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ilé tí wọ́n kọ́ sí Kúdẹtì kún fún ọmọ. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìjòyè, àwọn kan jẹ́ ọmọ ará àdúgbò, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ tí ogun kó lẹ́rú, tí a san owó rà padà. Daniel Olùbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá wọn wá, ń gbé ọgbà kan náà; nígbà tí òun náà gbé Susanna níyàwó, ọmọ tiwọn tún dé. Iṣẹ́ ilé bẹ́ẹ̀ kò lópin. A ó wẹ ọmọ ní òwúrọ̀, a ó gbàdúrà, a ó fún wọn ní oúnjẹ, a ó kọ́ wọn ní á, bí, dí, a ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán, a ó tọ́jú èyí tí ara rẹ̀ gbóná, a ó parí ìjà àwọn tí ó ń jà. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Anna ń ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú àìsàn ibà tí kì í jẹ́ kí ó gbádùn pẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Ní ilẹ̀ tí a ti ń fi orúkọ ọmọ pe obìnrin, ẹrù wúwo ni èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kúdẹtì ń pè é ní Ìyá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ìgbà ogun Ìjàyè ni a rí i bóyá ìyá ni ní tòótọ́. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà, ní Aláàfin. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ní 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì di ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun. Lẹ́tà kò wọlé dáadáa, ẹrù kò wọlé, owó ẹyọ tán nínú ilé. Ìjàyè ṣubú ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là.

Kí ni ènìyàn yóò ṣe sí ilé tí ó kún fún ọmọ nígbà tí àpò gbẹ? Ọmọ ìjòyè lè padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a rà padà lóko ẹrú, níbo ni yóò lọ? Anna kò lé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé: ó ta aṣọ, ó ta agolo bísíkíìtì tí ó ti ṣófo, kí ó lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ. Ẹ̀wà tí a fi epo àti ata sè di oúnjẹ òun àti ọkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà mìíràn sì wà tí ebi ń pa á títí oorun fi gbé e lọ. Kí a má ṣe gbàgbé inú rere àwọn ará Ìbàdàn: àwọn aládùúgbò ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ìgbà tí wọn kò ní nǹkan tí wọn yóò fi san án padà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ní oṣù April 1865, Gómìnà Glover ti Èkó rán Captain Maxwell gba ọ̀nà igbó wá mú wọn jáde. Àyè ìmúra kò tó nǹkan. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn láti ṣètò iṣẹ́, a sì gbé Anna lọ nínú àmọ́kà, ó fi àwọn ọmọ tí ó bá a jẹ ìyà sílẹ̀ láìsí àyè láti dágbére bí ó ti yẹ.

Ó padà sí Ìbàdàn ní 1867, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ní 1869 tọkọtaya náà fi ìlú sílẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ ìjọ sì bọ́ sí ọwọ́ Olùbí. Ní ọjọ́ 6 oṣù June 1870, Anna kú ní Martham ní Norfolk. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Èso wo ni ó so? Olùbí di àlùfáà, ó sì darí ìjọ Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀. Samuel Johnson, tí ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ láti Sàró wá sí ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ní 1858 nígbà tí ó wà lọ́mọdé, di olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà. David Hinderer ni ó fi ìwé náà ṣe ìrántí fún. Ní 1950, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin Kúdẹtì para pọ̀ mọ́ ti C.M.S. ní Èkó, a sì sọ ọ́ ní St. Anne's. Orúkọ Yéjídé náà wà lára ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Ìbàdàn títí di òní: ọmọbìnrin tí àwọn ènìyàn bẹ̀rù pé ìwé yóò bà jẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń múra láti di olùkọ́, ọ̀pọ̀ wa ni a ó rán sí ibi tí àwọn òbí kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé wa. Kí a rántí pé Olúńlóyọ̀ kò mọ ohun tí ó wà nínú ìwé nígbà tí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ ni ó rí. Ọmọ kì í tètè gbàgbé ẹni tí ó bá a jẹ ẹ̀wà ní ọjọ́ ìyàn.