Brian Epstein: Ẹni Tí Ó Dúró Lẹ́yìn Ẹgbẹ́ Beatles

Bí ijó bá gbóná lójú agbo, olórin ni gbogbo ayé ń wò. Òun ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí, orin rẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ lọ sílé. Ẹni tí ó dúnàádúrà pẹ̀lú olóde, tí ó wá ọkọ̀ tí ó gbé wọn débẹ̀, tí ó sì ń ṣọ́ àpò owó, ẹ̀yìn agbo ni ó wà. Ojú kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nínú ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin ará Liverpool tí ayé mọ̀ sí Beatles, ẹnìkan wà tí kò bá wọn ta gìtá, tí kò bá wọn lu ìlù, tí kò sì bá wọn gbé orin lórí ìtàgé. Brian Epstein ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1934 ni a bí i ní Liverpool, ìlú èbúté ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Júù ni ìdílé rẹ̀. Isaac Epstein, bàbá bàbá rẹ̀, ṣí wá láti ilẹ̀ Lithuania, ó sì dá ilé ìtajà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta àga, tábìlì àti ibùsùn. Harry, bàbá Brian, jogún òwò náà, ìrètí ilé sì ni pé Brian tí í ṣe àkọ́bí yóò gbà á lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ náà kò fi hàn pé yóò di ènìyàn pàtàkì. Láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ni ó ń rìn kiri. Wọ́n tilẹ̀ lé e kúrò ní ọ̀kan nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 10. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòṣe aṣọ obìnrin, bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1952, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ní ọdún 1956 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé tí ó lókìkí jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò parí rẹ̀ tí ó fi padà sílé. Gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó ń já sí òfo.

Ibi tí oríire rẹ̀ wà ni ẹ̀yìn káńtà. Ìdílé náà ní ṣọ́ọ̀bù orin kan tí wọ́n ń pè ní NEMS, wọ́n sì fi ẹ̀ka tí ó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù lé Brian lọ́wọ́. Òfin kan ni ó ṣe: rẹ́kọ́ọ̀dù yòówù tí oníbàárà bá béèrè, ìbáà ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, dandan ni kí a wá a rí. Nípa báyìí, kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú fi ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Ìtàn tí Epstein fúnra rẹ̀ sọ ni pé ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1961, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé wá béèrè rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí àwọn Beatles bá akọrin mìíràn ṣe ní ilẹ̀ Jámánì. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà kò sí nílẹ̀. Bí Epstein ti ń wádìí, ó rí i pé àwọn ọmọ náà kò jìnnà rárá: inú àjà ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Cavern, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni wọ́n ti ń ṣeré lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ó wọ kóòtù rẹ̀ tí ó dán, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ wò wọ́n.

Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó móoru, òógùn sì ń ṣàn lára ògiri. Àwọn ọmọ náà wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ. Wọ́n ń mu sìgá, wọ́n ń jẹun lórí ìtàgé, wọ́n ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn tí ó wá wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó lọ́lá bíi tirẹ̀ ìbá yí padà kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Epstein gbọ́ ohun kan nínú orin wọn, ó sì pinnu pé òun yóò ṣe alábòójútó wọn. Kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Nígbà tí John Lennon, Paul McCartney, George Harrison àti Pete Best fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1962, Epstein kò fọwọ́ tirẹ̀ sí i. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde tó.

Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì awọ lára wọn, ó wọ̀ wọ́n ní kóòtù àti táì. Ó ní kí wọ́n dẹ́kun oúnjẹ àti èébú lórí ìtàgé, kí wọ́n sì máa tẹrí ba fún àwọn òǹwòran lẹ́yìn orin. Lẹ́yìn èyí ni ó gba ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ilé iṣẹ́ Decca ti dán wọn wò ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún náà, wọ́n sì kọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn náà kọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin ni Epstein ń wọ̀ lọ, òun náà ni ó ń wọ̀ bọ̀, pẹ̀lú ìtìjú, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ George Martin ti ilé iṣẹ́ Parlophone, ẹ̀ka kan lábẹ́ EMI. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, Martin gbọ́ wọn, ó sì gbà wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù Pete Best kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àwọn mẹ́ta yòókù fẹ́ kí Best kúrò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà já lé Epstein léjìká. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ni ó pe Best, tí ó sì sọ fún un. Inú bí ọ̀pọ̀ ará Liverpool, Epstein ni ó sì fara gba ìbínú náà. Ringo Starr ni ó gba ipò Best. Ní oṣù Kẹwàá, rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ lábẹ́ Martin jáde, ó sì gòkè dé ipò 17 ní Bìrìtìkó. Nígbà tí ọdún 1963 yóò fi parí, kò sí ilé tí a kò ti mọ̀ wọ́n.

Ọgbọ́n rẹ̀ tí ó ga jù ni ti Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọdún 1963, ó dúnàádúrà ní New York pẹ̀lú Ed Sullivan, ẹni tí gbogbo ilẹ̀ náà ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Owó kékeré ni ó gbà, dọ́là 10,000 fún ìfarahàn mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó takú pé orúkọ Beatles ni yóò ṣáájú gbogbo orúkọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1964, nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ènìyàn ni ó wò wọ́n. Ní oṣù Kẹrin, rẹ́kọ́ọ̀dù márùn-ún tí ó ṣíwájú ní Amẹ́ríkà, tiwọn ni gbogbo rẹ̀.

Síbẹ̀, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àdéhùn tí ó kọ́kọ́ bá EMI ṣe kò fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ju pẹ́nì kan lórí rẹ́kọ́ọ̀dù kan, wọ́n sì ní láti pín in. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ Beatles ta irun àtọwọ́dá, àwo oúnjẹ àti bèbí, àwọn tí wọ́n fún láṣẹ kó ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìpín 10 péré ni ó kù fún wọn. Òtítọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó ti rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí tí ìbá fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ kò dá owó padà. Ohun tí a lè sọ láìṣiyèméjì ni pé kò jí owó wọn, nínú òwò tí olè pọ̀ sí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, àwọn Beatles ṣe agbo wọn ìkẹyìn ní San Francisco, wọ́n sì jáwọ́ nínú ìrìnkèrindò. Ètò ìrìn àjò sì ni iṣẹ́ Epstein gan-an. Ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣe ní ọdún 1962 yóò sì parí ní ọdún 1967. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn kò ní nílò òun mọ́. Ẹrù mìíràn tún wà lọ́kàn rẹ̀. Ọkùnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n títí di oṣù Keje ọdún 1967. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń gbé nínú ìbẹ̀rù pé àṣírí lè tú, àwọn ènìyànkénìyàn sì ti fi èyí halẹ̀ mọ́ ọn gba owó. Oorun kò kùn ún mọ́ láìlo oògùn. Ní oṣù Keje náà ni bàbá rẹ̀ kú.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 32 ni. Ilé ẹjọ́ tí ó wádìí ikú náà ní oògùn oorun ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, àti pé èèṣì ni. Bangor, ní ilẹ̀ Wales, ni àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wà nígbà tí ìròyìn náà kàn wọ́n. Liverpool ni a sin ín sí, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Ìgbà tí ó lọ tán ni ayé tó mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1968, owó sì ń ya bí omi. Ní ọdún 1969 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lórí ẹni tí yóò máa bójú tó wọn. Ní ọdún 1970, agbo tú ká. Liverpool gbé ère Epstein nàró ní ọdún 2022, nítòsí ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà rí.

Okùn tí ó so ìgbálẹ̀ pọ̀ kì í gbálẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá já ni a máa ń mọ iṣẹ́ rẹ̀.