Olíkóyè Ransome-Kuti: Oníṣègùn Tí Ó Bá Àbíkú Wọ̀yá Ìjà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìgàndó ní òwúrọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ó bá àwọn abiyamọ tí wọ́n jókòó lọ bẹẹrẹ lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ lẹ́yìn, káàdì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì yóò gbé ọmọ kọ́ orí ìwọ̀n, yóò sàmì sí káàdì, yóò sì bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń fún un jẹ. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n ń pè. Ẹ ó gbọ́ Ayọ̀mídé, ẹ ó gbọ́ Àmínà, ẹ ó gbọ́ Chinedu. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó gbọ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, ká má tilẹ̀ sọ ti Kòsọ́kọ́. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ti di orúkọ ìdílé, tí ọmọ ilé-ìwé ń kọ tẹ̀lé orúkọ tirẹ̀ láìmọ̀ pé omijé ni wọ́n fi sọ ọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó pawọ́ pọ̀ tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin kan wà nínú wọn tí ó yẹ kí a rántí ìgbé ayé rẹ̀ lójú ìwé àṣà yìí, nítorí pé àárín àṣà gan-an ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927 ni a bí Olíkóyè Ransome-Kuti ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí bàbá rẹ̀, Ẹni-Ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ti ń ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé gírámà. Ẹ̀yin olùkọ́ kò ní gbàgbé pé bàbá yìí kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1931. Ní 1932 wọ́n kó padà sí Abẹ́òkúta, bàbá sì di ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀, ẹni tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ dojú kọ owó orí. Ọmọ mẹ́rin ni ó dàgbà nínú ilé náà: Dolupọ, Olíkóyè, Fẹlá àti Bẹkọ.

Mo ní ọmọ mẹ́rin ni ó dàgbà, nítorí pé ẹnìkan wà tí kò dàgbà. Fẹlá, tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí orin, a máa sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun wá sí ilé náà: pé ní 1935 ni òun kọ́kọ́ wá, pé orúkọ Jámánì kan tí òyìnbó ajíhìnrere mú wá ni wọ́n sọ òun, pé orúkọ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, tí òun sì padà síbi tí òun ti wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun tó tún yà lọ́dọ̀ wọn ní 1938. Ọ̀nà àbíkú ni Fẹlá fi ń rò ó. Ẹni tí ó bá mú ẹ̀fẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ yóò rí ohun tí ó wà nísàlẹ̀: ọmọ tuntun kan kú ní ilé àlùfáà, ní ilé olùkọ́, ní ilé tí ìwé kún fọ́fọ́. Ọmọ ọdún méje ni Olíkóyè nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àbíkú yìí. Àwọn bàbá wa kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ikú ọmọdé a máa yan ilé, pé obìnrin kan lè bí márùn-ún kí ó sin mẹ́rin, nígbà tí orogún rẹ̀ kò sin ẹyọ kan. Wọ́n ní ọmọ kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́n sàmì sí òkú lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà, wọ́n so ṣaworo mọ́ alààyè lẹ́sẹ̀, wọ́n se ẹ̀wà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ìwádìí òde òní kò tako ohun tí wọ́n rí. Ìdí rẹ̀ ni ó tún wí. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún mẹ́rin a lè retí kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ń gbé AS kiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilé tí irú èyí bá wà, ikú yóò yan án ní tòótọ́. Ní ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, ibà, èéyi, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre-kánú ni wọ́n ń wọlé tẹ̀ lé ara wọn. Iṣẹ́ tí Olíkóyè fi ayé rẹ̀ ṣe ni pé ó ń fa àwọn apani wọ̀nyí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lábẹ́ aṣọ àbíkú.

Ní 1948, nígbà tí ìjà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú Aláké ń gbóná janjan, ni ó gba Dublin lọ ní ilẹ̀ Ireland, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Trinity College títí di 1954. Lẹ́yìn ìrírí ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1967. Láti 1968 títí di 1976, òun ni olórí ẹ̀ka ìṣègùn àwọn ọmọdé. Ní Ìdí-Àrábà, ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa ara rẹ̀ gbẹ ni wọ́n ń gbé wá lóru. A ó fi omi sí i lára, ojú rẹ̀ yóò là, a ó dá a padà sínú ilé kan náà, sídìí omi kan náà. Kò pẹ́ tí Olíkóyè fi gbà pé ilé ìwòsàn ńlá nìkan kò lè ṣẹ́gun àìsàn tí kò nílò ju ìmọ̀ díẹ̀ àti ìtọ́jú kíákíá lọ.

Nítorí náà ni ó ṣe bọ́ sí àdúgbò. Ní ilé ìwòsàn Gbájà ní Sùúrùlérè, a kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti yẹ ọmọ wò, láti tọ́jú àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì fi èyí tí ó le nìkan ránṣẹ́ sí dókítà. Inú àwọn dókítà kan kò dùn sí i. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ kì í fẹ́ kí nọ́ọ̀sì di ìwọ̀n àti oògùn mú. N kò sì dá wọn lẹ́bi tán. Ṣùgbọ́n irú ọ̀nà yìí ti so èso nílẹ̀ wa ṣáájú: ní Ìmẹ̀sí-Ilé nítòsí Iléṣà, dókítà òyìnbó David Morley ti lo káàdì ìwọ̀n ọmọdé ní ìparí àwọn ọdún 1950, káàdì náà sì ti ibẹ̀ tàn ká ayé. Òun ni bàbá káàdì tí àwọn ìyá ń dì mú ní Ìkòtún lónìí.

Nínú gbogbo ìwádìí rẹ̀, èyí tí ó wù mí jù lọ ni ti wàrà. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fún oríṣiríṣi ènìyàn ní Nàìjíríà ní ṣúgà inú wàrà mu, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ̀ bóyá inú wọn dà á. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1971. Àwọn Fúlàní darandaran, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni inú wọn dà á. Àwọn Yorùbá àgbàlagbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí inú rẹ̀ dà á. Ọmọ ọmú Yorùbá ń da wàrà ìyá rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sí ọdún mẹ́ta, agbára yìí a máa kúrò nínú ìfun rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: ọjọ́ orí yìí gan-an ni àwọn ìyá wa ń já ọmọ lẹ́nu ọmú láyé àtijọ́. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe láàárín ìdílé, tí ó jáde ní 1975, fi hàn pé àjogúnbá ni. Èyí kò sọ wàrà di májèlé, nítorí ọ̀pọ̀ ń mu díẹ̀ láìsí wàhálà. Ohun tí ó fi yé wa ni pé wàrà inú agolo kọ́ ni ìwòsàn fún gbogbo ọmọ tí ó rù, nígbà tí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀pà wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Báyìí ni ìmọ̀ ń gbè lẹ́yìn àṣà níhìn-ín, tí ó sì ń bá a wí lọ́hùn-ún. Fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọkọ má sì súnmọ́ abiyamọ títí ọmọ yóò fi rìn, jẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí òyìnbó tó dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà kan náà ni ó ń ní kí a fún omi ọmú àkọ́kọ́ dànù, wọ́n ní ó dọ̀tí nítorí àwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ni ó kún fún ohun tí ń gbèjà ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Wọ́n ń fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ní omi àti àgbo. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọmọ ní ẹ̀kọ, tí òmíràn fi ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ó burú jù ni ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà, efinrin àti ààyù sí, tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì mú. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, a sì máa dí mímí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí ibà nìkan ìbá kan lára, oògùn gìrì ni ó ń pa á. A ó tún ní àbíkú ni.

Ní 1985 ni Olíkóyè di mínísítà ètò ìlera, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1992. Ìjọba ológun ni, àwọn kan sì bá a wí pé ó bá wọn ṣe. Ohun tí ó fi ipò náà ṣe ni èyí: ní 1986 ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ 52, ní 1988 orílẹ̀-èdè yìí ní ìlànà ìlera àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára dé àwọn abúlé tí kò rí i rí. Rédíò ń kọ́ àwọn ìyá ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru: omi mímọ́ ìgò bíà kan, ṣúgà onígun márùn-ún, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, kí iyọ̀ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóde òní, èyí tí a ti dì sínú àpò ní ilé oògùn, pẹ̀lú oògùn zinc, ni a kọ́kọ́ ń fún ọmọ. Ní 1990 ni Òfin 41 jáde láti ká àwọn oníṣòwò wàrà agolo lọ́wọ́ kò, kí wọ́n má ṣe fi ọjà wọn lé ọmú ìyá kúrò. Nígbà náà, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni a ń sọ pé kí ọmú nìkan jẹ́ oúnjẹ ọmọ. Ní 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù mẹ́fà gbáko, láìfi omi kún un.

Ní oṣù Kẹjọ 1997, nígbà tí Fẹlá kú, òun ni ó jókòó síwájú àwọn oníròyìn tí ó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ẹbí yóò mọ ohun tí ó ná an. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2003 ni òun náà jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́nu iṣẹ́ ìlera tí ó bá lọ. Ètò tí ó gbé kalẹ̀ ti jẹrà gidigidi kí ó tó kú: ní ọdún 2003 yẹn, nínú 100 ọmọ tí ó ti pé ọdún kan ní Nàìjíríà, nǹkan bí 13 péré ni ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó gbà.

Alímọ̀ṣọ́ tí ó jẹ́ abúlé àti oko àwọn Àwórì nígbà tí ó wà ní Gbájà, ìkànìyàn 2006 bá ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 níbẹ̀, ó sì ti kún sí i. Ìwádìí orílẹ̀-èdè ti 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni kò pé ọdún márùn-ún, àti pé nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, 29 ni ó ń mu ọmú nìkan. Àwọn yòókù ń mu omi, àgbo tàbí wàrà agolo. Ìyá ọmọ kọ́ ni ó sábà máa ń pinnu ìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó wá wẹ ọmọ ni ó ń gbé ife omi lọ́wọ́, tìfẹ́tìfẹ́ ni ó sì ń gbé e. Nítorí náà, ní ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ, bí nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ bá rí ìyá àgbà tí ó tẹ̀ lé abiyamọ wá, ìyá àgbà ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí, òun ni yóò fi àga lọ̀, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ fi káàdì hàn.