Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, Onílàjà Tí Ó Gba Ọ̀nà Ìkálẹ̀

Ìjà kò dọlà, orúkọ ni ó ń sọ ni. Àwọn baba wa mọ òwe yìí dáadáa, síbẹ̀ wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógún bá ara wọn jà. Ó yẹ kí àwa tí à ń du ipò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ọmọ wa wà lọ́wọ́ yín, máa rántí ẹni tí ó bá wọn wá ọ̀nà àlàáfíà.

Ọ̀nà kan ti wà láti Èkó dé òkè, tí ó gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá. Èrò a wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà, a kọjá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kì, a gúnlẹ̀ ní Ayésàn, lẹ́yìn èyí a fi ẹsẹ̀ rin inú igbó títí dé Òde Oǹdó. Ní 1872 ni Glover, olórí ìjọba Èkó nígbà náà, ṣí ọ̀nà yìí, nítorí pé àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa sé ọ̀nà tiwọn nígbà tí ó bá wù wọ́n. Òwò gba ibẹ̀, ìbọn náà sì gba ibẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni Charles Phillips gbà nígbà tí ó ń lọ ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó ní 1877.

Ọmọ Sàró ni Phillips, ìyẹn àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú gba òkun, àti àwọn ọmọ wọn. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Charles Phillips, ti ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní Ìjàyè, ìlú tí ogun Ìbàdàn pa run ní 1862. Ẹrú àti ogun kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ nínú ilé wọn.

Ìlú tí ó dé sí kò ì tí ì gbàgbé ogun tirẹ̀. Ìjà abẹ́lé ti tú Òde Oǹdó ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1872 ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí i láti tún un kọ́. Phillips sì rí i pé àtúnkọ́ ilé kò tó àtúnkọ́ ìlú. Bí ọlọ́lá kan bá kú ní ayé ìgbà náà, wọ́n a pa ẹrú kí wọ́n fi sin ín. Ọdún dé ọdún ni ó fi ń wàásù lòdì sí i, tí ó sì ń kọ ohun tí ó fi ojú rí sínú ìwé rẹ̀. Kò rọrùn. Lójú ọ̀pọ̀ ìjòyè, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹrú, oko wọn, agbo ilé wọn àti iyì wọn ni ó fọwọ́ kàn.

Kò pẹ́ tí ogun Kírìjí fi gbóná. Ní 1878, Fábùnmi dìde ní Òkè-Mẹ̀sí, ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni ó di olórí ogun wọn. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹjọ́ ẹnu ìhà méjèèjì, nítorí pé agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òsìkà ni. Ìbàdàn ní àwọn ni àwọn lé Fúlàní padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Bí kò bá sí olórí kan ṣoṣo, ilẹ̀ Yorùbá yóò fọ́. Èkìtìparapọ̀ ní kí ni àǹfààní orí tí ń jẹ ara tirẹ̀? Ajẹ́lẹ̀ ń fi ìyà jẹ wọ́n, a sì ń kó ọmọ wọn lẹ́rú. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n sì padà sí Èkó, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ará ilé gba ọ̀nà Oǹdó yìí.

Òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ogun náà kò fi lè tán lójú ìjà. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí rán Samuel Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ìbàdàn, sí Èkó pé kí ìjọba wá bá wọn dá sí i. Ìgbìyànjú kan tẹ̀lé òmíràn, kò sí èyí tí ó yọrí. Àrẹ Látòóṣà kú sí ojú ogun ní 1885.

Ní 1886, Gómìnà Moloney yan ènìyàn méjì: Johnson kí ó lọ bá Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, Phillips kí ó lọ bá àwọn ìhà ìlà oòrùn. Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Johnson ti gbé láàrin Ìbàdàn láti kékeré; Phillips ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Oǹdó. Ẹni tí ìhà kọ̀ọ̀kan mọ̀ ni a rán sí i. Onílàjà ni ó sì ń fara gbọgbẹ́: wọ́n rìn láti àgọ́ dé àgọ́ láàrin àwọn tí kò gba ara wọn gbọ́, wọn kò mú ohun ìjà kankan lọ bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Okúdù, 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kó kúrò nínú wọn lè kó kúrò. Kò sí ìhà tí ó gba gbogbo ohun tí ó béèrè, kò sì sí èyí tí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ogun túká ní Kírìjí, a sì fi iná sí àgọ́.

Ibì kan ni àdéhùn náà ti kọsẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé kí Mọ́dákẹ́kẹ́ kúrò níbi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀: kí ẹni tí ó bá fẹ́ Ìbàdàn lọ tẹ̀dó sí àárín odò Ọ̀ṣun àti Ọbà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ Ifẹ̀ wọ inú ilẹ̀ Ifẹ̀. Àwọn Mọ́dákẹ́kẹ́, ọmọ àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá, kò gbà láti tún ṣí. Ní 1909 ni a tó tú ìlú náà ká, síbẹ̀ wọ́n tún padà wá. Ìjà Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní 1981, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1997 dé 2000. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara.

Ìlọrin àti Ìbàdàn pẹ̀lú kò dẹ̀yìn lẹ́yìn ara wọn títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter tú àgọ́ wọn ká. Ní ọdún náà gan-an ni a fi Phillips àti Isaac Oluwole jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà sí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìhà Oǹdó, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú ní 1906.

Àwọn kan ń sọ pé irú àwọn Phillips ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún Gẹ̀ẹ́sì. A kò ní sẹ́ pé ìránṣẹ́ ìjọba Èkó ni ó jẹ́ nínú iṣẹ́ náà, tàbí pé lẹ́yìn 1893 agbára bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn àti Èkìtì lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu bí kò ṣe àwọn ọmọ ìyá tí kò lè jókòó sọ̀rọ̀? Nígbà tí arákùnrin méjì bá jà dójú ikú, àlejò ni yóò jogún ilé.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Àlàáfíà Kírìjí dúró níbi tí a ti fún ìhà kọ̀ọ̀kan ní ohun tí kò lè ṣe aláìní. Ó wó níbi tí a ti fẹ́ kó ènìyàn bí ẹni kó ẹrù, láìjẹ́ pé wọ́n fi ọkàn gbà á. Ẹni tí ó bá borí nínú ìbò ní ọ̀la, kí ó rántí Mọ́dákẹ́kẹ́ kí ó tó pín ilẹ̀ tàbí ipò lórí àwọn tí kò sí níbi àpérò. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Okìtìpupa àti gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀nà tí ìbọn gbà wọlé ni ọkùnrin àlàáfíà náà gbà wọlé. Ọwọ́ wa ni ó kù sí láti yan ohun tí a óò gbé gba orí rẹ̀.